Ṣọ́ọ̀bù ìwé àtijọ́ l'Ókè-Àjé, ẹ lọ bá màmá yẹn

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde tẹ́ ẹ̀ ń wá ìwé Yorùbá kiri, ẹ má tíì wọkọ̀ Ìbàdàn o. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà lójú ọ̀nà ọjà Òkè-Àjé, kò ní bọ́ọ̀dù, tábìlì méjì ni wọ́n gbé síta, ìwé ilé-ìwé ló wà níwájú, àwọn ìwé àtijọ́ wà lẹ́yìn nínú páálí, màmá àgbàlagbà kan ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ló gbé mi débẹ̀, torí ó ní ìròyìn lòun fẹ́ máa kà lórí tẹlifíṣàn, òun sì tún fẹ́ máa kọ ìwé ìtàn, bàbá ẹ̀ ní kó mú ọ̀kan, èmi náà ò mọ ohun tí mo lè sọ sí i. Mo ṣàlàyé fún màmá, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní "Fálétí ńkọ́?", ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú páálí.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́, WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní October 31, 1959, lásìkò ìjọba Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ níbí, ibẹ̀ ni Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí ti ṣiṣẹ́, inú iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n wà tí wọ́n fi ń kọ ewì, tí wọ́n ń kọ eré, tí wọ́n kọ ìwé ìtàn Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ó jáde ní 1969. Èmi tó jẹ́ pé Ọ̀pálábà inú fíìmù Ṣaworoidẹ nìkan ni mo mọ̀ wọ́n sí!

Màmá ò kàn gbé Ọmọ Olókùn-Ẹṣin lé mi lọ́wọ́, wọ́n ṣí i, wọ́n kà á sókè tó ìdajì ojú-ìwé, ariwo ọlọ́kadà ń lọ níta ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ mọ́. Gbólóhùn yẹn gùn níbi tó yẹ kó gùn, ó dúró níbi téèyàn ti fẹ́ mí, ahọ́n wọn ò kọsẹ̀ níbì kankan. Wọ́n ní ẹni tó ń bá àwọn èèyàn tí òun fúnra ẹ̀ ò fojú rí sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, á mọ ibi tó ti máa ń sú etí. Mi ò tíì rí ẹni tó ń tajà báyẹn rí.

Ẹ̀dà tí mo kọ́kọ́ gbé délé, ewé mẹ́rin ti já nínú ẹ̀, inú bí mi gan-an. Mo gbé e padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ láìbá mi fa ọ̀rọ̀ kankan. ₦3,000 ni mo rà á. Wọn ò ní POS, ẹ mú kéèṣì dání, kẹ́ ẹ sì yẹ gbogbo ewé wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Inú ibẹ̀ tún ṣókùnkùn jù, iná fóònù la fi wá ìwé, ó yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i.

Ọmọ mi ti kà á dé ìdajì. Sókè ló ń kà á nínú kíṣìnnì, bàbá ẹ̀ sì ń dín ohùn tẹlifíṣàn kù. Màmá ti ní àwọn á bá mi wá Baṣọ̀run Gáà, eré tí Fálétí kọ, mo ń padà lọ ní Sátidé.