Sípíríǹgì oníbejì fún kámúṣáàfù tuntun
Àṣìṣe tèmi ni pé mo pààrọ̀ kámúṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí láti ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì), mo fi sípíríǹgì fáàfù àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti yípo kọjá 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kì í tètè padé mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́ bí arúgbó tí òtútù mú.

Mo wá ra sípíríǹgì oníbejì, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú retainer (ìdérí kékeré tó di sípíríǹgì mú mọ́ fáàfù) tó bá a mu. Ẹ́ńjìnnì náà ń dé 6,500 báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Ohun tó bí mi nínú? Kò sí shim (òrùka pẹlẹbẹ tí a ń fi sábẹ́ sípíríǹgì) kankan nínú páálí! Mẹ́rin nínú sípíríǹgì náà jókòó ga jù, èmi náà ni mo wá shim kiri. Mo ṣáà rí i pé ó ku mílímítà 1.5 kí sípíríǹgì tó fún pọ̀ pátápátá. Ẹ wọn pushrod (ọ̀pá tó ń gbé agbára kámúṣáàfù lọ sí fáàfù) kí ẹ tó ra sípíríǹgì yìí o. Tèmi àtijọ́ kúrú.