Fílítà Ààbò Lẹ́ńsì: UV, Clear, tàbí Húùdù Nìkan?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lẹ́ńsì kì í fẹ́ kí nǹkan kan ha á, fílítà, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì, sì ni àwọn ọlọ́jà sábà máa ń fi lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò òde ìyàwó, àríyá àti ìsìn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, torí iná inú gbọ̀ngàn ló máa ń tú àṣírí fílítà tí kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi fílítà UV wé clear, ìyẹn èyí tí kò ní àwọ̀. Láyé fíìmù, ìtànṣán UV, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kì í rí, máa ń jẹ́ kí ibi tó jìnnà nínú fọ́tò rí bí ìgbà tí kùrukùru bò ó, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì sún mọ́ búlúù. Fílítà UV ló ń dí i lọ́nà. Kámẹ́rà dígítà kò nílò ìyẹn mọ́, nítorí gíláàsì tó bo sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti inú. Ààbò nìkan ló wá kù tí UV ń ṣe fún yín, clear sì ń ṣe é láìní àwọ̀ kankan. Canon ń pe tirẹ̀ ní Protect, Nikon ń pe tirẹ̀ ní NC. Bí owó wọn bá jọra, clear ni kí ẹ mú. Fílítà míì tí wọ́n ń pè ní Skylight ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ìgbà fíìmù ló wúlò fún, ẹ fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí owó yín lọ sí ju orúkọ lọ ni èròjà tí wọ́n fi ra ojú gíláàsì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní coating. Gíláàsì tí wọn ò ra nǹkan kan sí máa ń ta nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà lójú kan, fílítà sì ní ojú méjì. Èyí tó dáa, tó jẹ́ multi-coated (tí wọ́n ra coating sí lọ́pọ̀ ìpele), máa ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá 99 kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tó dín kù yẹn kò tó nǹkan. Ibi tó gbà lọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Iná LED ẹni tó ń ya fídíò á wọ lẹ́ńsì, á ta láti ojú sẹ́ńsọ̀ padà sẹ́yìn fílítà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, á tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Àmì iná kékeré kan á wá yọ ní òdìkejì fọ́tò, ó sì lè jẹ́ orí gèlè ìyá ìyàwó gan-an ló máa bà lé. Fílítà tó dáa ń dín in kù, kò lè pa á run. Bí iná bá kọjú sí yín tààrà, ẹ tú fílítà kúrò.

Ẹ lè dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé fílítà sábẹ́ gílóòbù, kí ẹ wo bí gílóòbù náà ṣe hàn lójú gíláàsì. Bó bá funfun tó mọ́lẹ̀ kedere, kò sí coating níbẹ̀, ohun yòówù tí páálí ìbáà sọ. Bó bá ṣe bàìbàì, tó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò, coating wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lé bébà funfun pẹ̀lú, kí ẹ wò ó bóyá àwọ̀ bébà yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe fún Hoya àti Kenko ti Japan, fún B+W ti Jámánì, fún K&F Concept ti Ṣáínà, torí ayédèrú wà lọ́jà. Idẹ ni òrùka ọ̀pọ̀ B+W, kì í tètè há mọ́ lẹ́ńsì bíi ti alumíníọ̀mù.

Ti húùdù, ìyẹn ìbòrí tó yọ síwájú yí ẹnu lẹ́ńsì ká, ńkọ́? Gíláàsì iwájú lẹ́ńsì nípọn, ó le ju ti fílítà lọ fíìfíì. Bí kámẹ́rà bá já bọ́ tí fílítà fọ́, ìyẹn ò ní ká sọ pé lẹ́ńsì ni ì bá fọ́. Àfọ́kù fílítà gan-an lè ha lẹ́ńsì. Húùdù ló ń gba ìkọlù, ó ń dí iná ẹ̀gbẹ́, kò sì fi gíláàsì kankan kún ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Fún lẹ́ńsì Canon 50mm f/1.8 STM, húùdù ES-68 ni màá rà ṣáájú fílítà.

Ibi tí fílítà ti borí húùdù ni eruku ọyẹ́, omi iyọ̀ etí òkun, àti ìka ọmọdé. Ẹ lè nù ún léraléra láìbẹ̀rù. Canon fúnra rẹ̀ sọ pé lẹ́ńsì EF 17-40mm f/4L nílò fílítà kí eruku àti omi tó lè jìnnà sí i dáadáa.

CPL, ìyẹn fílítà tó ń dín dídán ojú omi àti gíláàsì kù, kì í ṣe ti ààbò rárá. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó stop kan sí méjì (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ dín kù sí ìdajì): ISO 800 yín, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ ń gbé sókè kí kámẹ́rà lè yàwòrán nínú òkùnkùn, á di 1600 tàbí 3200 nínú gbọ̀ngàn tó ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì Ø níwájú lẹ́ńsì. 50mm tí wọ́n kọ sí lẹ́ńsì kọ́ ni ìwọ̀n fílítà: 49mm ni Canon 50mm f/1.8 STM ń lò, 58mm ni Nikon AF-S 50mm f/1.8G. Ẹ mú lẹ́ńsì yín dání lọ sọ́jà, kí ẹ dì í mọ́ fílítà níbẹ̀, kí ẹ sì tú u wò.