Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra SSD "16TB" olówó pọ́ọ́kú: ayédèrú ni

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń wá SSD tàbí flash drive, ìyẹn ẹ̀rọ tí à ń kó fáìlì pamọ́ sí, rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò yìí, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré kan ló kún ìpolówó báyìí, onírin, ó dán, wọ́n kọ 16TB (ìyẹn 16,000GB) sí i lára, òmíràn 8TB, òmíràn 30TB. Owó tí wọ́n ń bù lé e kò tó èyí tí ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ ń gbà lórí 1TB péré. Kì í ṣe ẹ̀dínwó o, jìbìtì gbáà ni. Kò sí 16TB níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí SSD níbẹ̀.

Mo ti tú irú rẹ̀ wò. Ohun tó wà nínú àpótí irin náà ni bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń ka memory card, pẹ̀lú microSD kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn kó má baà mì. 64GB ni microSD náà. Gbogbo àyè tó kù, òfìfo ni. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi irin sí i kó lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé kọ̀ǹpútà yín gan-an ni yóò bá wọn jẹ́rìí èké. Bí ẹ bá ti fi í sínú ihò USB, 16TB ni ẹ ó rí. Kọ̀ǹpútà kì í wọn ẹ̀rọ ìpamọ́ kankan; ńṣe ló ń bi í pé báwo lo ṣe tóbi tó, èsì tó bá gbọ́ náà ni yóò gbé síwájú yín. Àwọn ọ̀dájú wọ̀nyí ti wọ inú firmware, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà láti inú, wọ́n sì ti yí èsì yẹn padà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tó gbé 16TB sókè tan yín jẹ. Inú ìpolówó wọn ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù. Àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún náà, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn ni wọ́n kọ ìyìn, wọn ò tíì kó ju fọ́tò díẹ̀ sínú rẹ̀.

Ìgbà tí ẹrù bá kọjá 64GB ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó bí ìwé tó ní ogún ojú-ewé péré, tí wọ́n wá kọ "ẹgbẹ̀rún ojú-ewé" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ogún ojú-ewé bá kún, kò ní sọ fún yín pé àyè ti tán. Òmíràn a padà sí iwájú, a máa kọ tuntun lé ti àtẹ̀yìnwá lórí. Òmíràn a gba ohun tí ẹ fún un, a dà á nù, a sì dáhùn pé òun ti tọ́jú rẹ̀. Níwájú ìwé ni àkójọ orúkọ àwọn fáìlì sì wà, ìyẹn ni gbogbo orúkọ ṣe máa ń hàn, pẹ̀lú ìwọ̀n tó pé pérépéré. Ó di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí wọn kí ẹ tó rí i pé fídíò kò ṣí, pé ìdajì fọ́tò ti di eérú.

Ẹnì kan gbé èyí tó kó iṣẹ́ fídíò rẹ̀ sí wá bá mi. Ó ti pa ti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Mo gbìyànjú gbogbo sọ́fítíwìà tí mo mọ̀ tó ń gba fáìlì padà, kò sí èyí tó rí nǹkan mú, nítorí pé ohun tí wọn kò kọ sílẹ̀ rí, kò sí ibi tí èèyàn ti lè wá a. Hard drive tó bàjẹ́, onímọ̀ lè rí díẹ̀ yọ níbẹ̀. Èyí kò bàjẹ́. Kò gba ẹrù náà látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi pọ̀ tó báyìí? Láti ìparí 2025 ni owó RAM, ìyẹn mẹ́mọ̀rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àti ti SSD ti ń gun òkè, torí pé àwọn tó ń kọ́ ibùdó kọ̀ǹpútà ńláńlá fún AI ń ra mẹ́mọ̀rì bí ẹni tí kò ní tán. Samsung, SK Hynix àti Micron ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú RAM ayé, ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà ńlá yẹn ni wọ́n sì kọjú sí. Ní oṣù Kejìlá 2025, Micron kéde pé òun yóò fi Crucial sílẹ̀, orúkọ tí àwa tí à ń ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi mọ RAM àti SSD rẹ̀. Tí ojúlówó bá ti wọ́n, tí iṣẹ́ sì ń dúró deni, ojú a máa yára fà sí ẹni tó ní òun ń ta ní pọ́ọ́kú.

Ẹ jẹ́ ká wá mọ bí ojúlówó ṣe tóbi mọ. Samsung T5 EVO, tó jáde ní 2023, 8TB ni èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀, ọ̀wọ́n gógó sì ni. Ní ti microSD, òfin SDXC tí ọ̀pọ̀ fóònù àti kámẹ́rà ń lò kò kọjá 2TB, nítorí náà microSD tó bá pe ara rẹ̀ ní 16TB ti tú ara rẹ̀ fó. Ẹ tún wo ìyára rẹ̀. USB 2.0 ló wà nínú ọ̀pọ̀ ayédèrú yìí, bí wọ́n tilẹ̀ kọ 3.1 tàbí 3.2 sí i lára. Nǹkan bí 30 sí 40 MB ni yóò máa gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí SSD gidi ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló ń parí ẹjọ́. Ọ̀fẹ́ ni àwọn irinṣẹ́ tí mo fẹ́ dárúkọ yìí. Lórí Windows, H2testw wà, àwọn ará Jámánì ló ṣe é: yóò kọ fáìlì kún àyè tó ṣófo, yóò padà ka gbogbo rẹ̀, yóò sì sọ iye tó sọnù. Lórí Linux àti Mac, F3 ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kíkà padà yẹn ni kókó o, torí ayédèrú kò kọ̀ kí ẹ kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá béèrè ẹrù yín ni ẹnu rẹ̀ ń wọ́hò. Ẹ má ṣe é lórí èyí tí nǹkan pàtàkì ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n àrékérekè kan níbí. Ní 30 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá, kíkọ 16TB kún yóò gbà ju ọjọ́ mẹ́fà lọ, kó tó wá kan kíkà padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sú, ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá ọjà padà á sì máa lọ. Ẹ kò nílò láti dúró títí dé òpin. Ẹ ní kí H2testw dán 200GB wò ná, kò tó wákàtí méjì láti kọ ọ́. Èyí tó jẹ́ 64GB nínú kò lè yè é. Ọ̀nà tó tún yá ni ValiDrive fún Windows, tó jáde ní 2023: ibi 576 tó jìnnà síra wọn ló ń dán wò, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó láti mọ ibi tí òfìfo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èsì bá dára, tí ẹ sì fẹ́ fi ohun iyebíye sí i, ẹ jẹ́ kó kún dé ẹnu kí ẹ tó fọkàn tán an.

Irú èké yìí kan náà ni wọ́n fi ń ta hard drive àlòkù bíi tuntun. Ní oṣù Kìíní 2025, ilé ìròyìn ìmọ̀-ẹ̀rọ heise ti Jámánì gbé e jáde pé àwọn oníbàárà ra hard drive Seagate bíi tuntun, àṣé ó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 15,000, òmíràn dé 50,000. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó lé ní ọdún márùn-ún àbọ̀ tí èyí tó dé 50,000 náà ti ń yí. Wọ́n fura pé ibi tí wọ́n ti ń fi hard drive wa Chia, irú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ní China ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Àwọn tó tún un tà ti nu àkọsílẹ̀ SMART rẹ̀, níbi tí hard drive ti ń ka wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, kúrò kó lè dà bí ọmọ tuntun. Àkọsílẹ̀ kejì tí Seagate fi sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní FARM, ló tú àṣírí. Tí ẹ bá ra Seagate, ẹ fi sọ́fítíwìà smartmontools 7.4 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ pa àṣẹ smartctl -l farm, kí ẹ fi wákàtí inú rẹ̀ wé ti SMART. Tí méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ dá a padà. Èmi kò sọ pé àlòkù burú. Ẹni tó bá ní àlòkù ni, tó sì dá owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ṣe wá níbi. Fífi ọjọ́ orí rẹ̀ pamọ́ ni olè.

Graphics card, káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n á mú káàdì àtijọ́, wọ́n á yí BIOS rẹ̀, ìyẹn firmware tirẹ̀, kó máa jẹ́ orúkọ tuntun. Sọ́fítíwìà GPU-Z ti ń dá ọ̀pọ̀ ayédèrú káàdì NVIDIA mọ̀ láti 2018, yóò kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀.

   

Tí ayédèrú SSD yìí bá ti dé ọwọ́ yín ńkọ́? Ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́. Ẹ kó èyí tó bá ṣì ń ṣí jáde sí ibòmíràn, kí ẹ tó dán an wò. Ẹ ya àwòrán èsì H2testw tàbí ValiDrive, ẹ sì fi ṣe ẹ̀rí níwájú ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti rà á, tàbí báńkì tó ni káàdì tí ẹ fi sanwó. Ẹ pè é ní ayédèrú. Ẹ má pè é ní "kò ṣiṣẹ́", torí wọ́n á ní kí ẹ fọ́màátì rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ pààrọ̀ okùn, ọjọ́ á sì máa lọ. Olùtajà á tún ní òun á dá ìdá kan nínú owó yín padà tí ẹ bá fa ẹ̀sùn náà yọ. Ẹ má gbà: bí ẹ bá ti fà á yọ, ọ̀pọ̀ ọjà kò ní jẹ́ kí ẹ tún un pè. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lónìí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dá a lóhùn.