SSD ni tàbí RAM? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ yára sí i

Ohun mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fi lọ ẹni tí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ ti ń falẹ̀: SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tí kò ní ohun tó ń yí nínú), àfikún RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), ètò tí wọ́n ní yóò fọ kọ̀ǹpútà mọ́, tàbí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mìíràn. Owó wọn kò dọ́gba, iṣẹ́ wọn kò sì jọra, síbẹ̀ èyí tí òǹtajà bá kọ́kọ́ dárúkọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà. Èrò tèmi ni pé bí kọ̀ǹpútà náà bá ṣì ń lo hard disk tó ń yí, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí, kí RAM tẹ̀lé e, kí ẹ má sì san kọ́bọ̀ kan lórí ètò ìfọ̀mọ́.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ wo ibi tí ìfalẹ̀ náà ti ń wá. Lórí Windows 10 àti 11, ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ máa ń lò lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè jáde, kí ẹ sì lọ sí ojú ewé Performance. Bí Disk bá dúró sí 100% fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí Memory ṣì ní àyè dáadáa, hard disk ló ń dá iṣẹ́ dúró. Bí Memory bá ti kọjá 85%, RAM ni kò tó. Bí méjèèjì bá ga pọ̀, ẹ má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru hard disk, nítorí pé RAM tó ti kún a máa ti iṣẹ́ sórí rẹ̀.

SSD ní ẹ̀gbẹ́ hard disk

Nínú hard disk, àwo kan wà tó ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, apá tín-ín-rín kan sì ní láti rìn dé ibi tí fáìlì wà kó tó lè kà á. Ìrìn yẹn lè gba ìdá 1 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ni Windows ń wá nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ ti ń jókòó dúró dè é. Kò sí ohun kan tó ń rìn nínú SSD, nítorí náà ó ń rí fáìlì ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ìyàtọ̀ yìí ni ojú onílé máa ń rí ju ohunkóhun mìíràn tó lè rà lọ.

SSD pàápàá pín sí oríṣi gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀: SATA àti NVMe. Èyí tó ń lo SATA ń ka nǹkan bí 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, NVMe sì lè dé 3,500 MB tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá yẹn mú yín san owó tí kò pọn dandan: fún lẹ́tà kíkọ, íntánẹ́ẹ̀tì àti fíìmù wíwò, agbára káká ni ẹ ó fi mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ohun tó ṣe kókó ni èyí tí ẹ̀rọ yín gbà. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń gba èyí tó jẹ́ ínṣì 2.5, èyí tó máa jókòó sí ààyè hard disk náà gan-an. Àwọn tó tuntun díẹ̀ ní ihò M.2, níbi tí SSD ti rí pẹlẹbẹ bí ṣingọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n àwọn ihò M.2 kan wà tí kì í gba NVMe, àwọn mìíràn kì í sì í gba SATA. Ẹ ka ìwé ìlò ẹ̀rọ yín kí ẹ tó rà. Bí ó bá sì jẹ́ eMMC (ibi ìpamọ́ kékeré) 32 GB tàbí 64 GB tí wọ́n jó mọ́ pátákó ni ẹ̀rọ náà ní, kò ṣeé yọ.

Ní ti ìwọ̀n, 256 GB tó ilé púpọ̀. 120 GB máa ń tètè kún. Hard disk àtijọ́ kò di ẹgbin, nítorí pé ẹ lè fi í sínú àpótí USB kí ẹ máa kó fọ́tò sí i. Clonezilla, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè da gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ sórí SSD, bí SSD náà kò bá kéré ju hard disk lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà àwọn ohun pàtàkì pamọ́ síbòmíràn. SSD kì í bẹ̀rù kí a gbé e jalẹ̀ tó hard disk, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lójijì, òun náà lè fara gbá a, nítorí náà kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣì nílò UPS.

RAM

Láti 4 GB sí 8 GB, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn gbangba. Láti 8 GB sí 16 GB, ẹni tó ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tàbí tó ń tún fídíò ṣe ló máa jàǹfààní jù. RAM ìran DDR3 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ní eyín 204, ìran DDR4 ní 260, ọ̀kan kò sì lè wọ ihò èkejì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) rẹ̀ jẹ́ Intel ìran kẹrin tún fẹ́ DDR3L, èyí tó ń lo fóltì 1.35 dípò 1.5. Inú MacBook Air, RAM ti jó mọ́ pátákó, àfikún kò sì sí. Windows tó jẹ́ 32-bit pẹ̀lú kò lè lo ju 4 GB lọ.

RAM àlòkù kò burú, nítorí pé kì í gbó bí SSD, MemTest86 sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. SSD ń gbó bí a ṣe ń kọ nǹkan sí i, nítorí náà tuntun ni mo fara mọ́; bí àlòkù nìkan bá wà, ẹ ní kí òǹtajà ṣí CrystalDiskInfo kí ẹ lè rí wákàtí tó ti ṣiṣẹ́.

Ètò ìfọ̀mọ́, tàbí ẹ̀rọ mìíràn

Ètò tó ní òun ń tú RAM sílẹ̀ wulẹ̀ ń ti iṣẹ́ lọ sórí disk ni. Ẹ lè fúnra yín pa àwọn ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Windows nínú Startup apps, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí fáànù bá ń pariwo lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku inú rẹ̀, torí CPU tó bá gbóná jù a máa dín eré ara rẹ̀ kù.

Ìgbà tí tòkunbọ̀ mìíràn tọ́ sí rírà ni ìgbà tí CPU fúnra rẹ̀ bá ti darúgbó. Àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò) àti, ní ti Intel, ìran kẹjọ sókè. SSD lè mú ẹ̀rọ ìran kẹta yára, kò lè sọ ọ́ di ìran kẹjọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè máa lo Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows. Bí ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, tí wọ́n sì sọ pé «Core i5 ni», ẹ béèrè nọ́ńbà tó tẹ̀lé e: i5-3320M jẹ́ ìran kẹta pẹ̀lú kóòrù (ẹ̀yà CPU tó ń ṣiṣẹ́) méjì, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ pẹ̀lú mẹ́rin. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt, kí ẹ fi agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun wé èyí tó lè gbà nísinsìnyí.