Bùkà oníyán ẹ̀yìn ọjà Atákúnmọ́sà n'Iléṣà: iyán ibẹ̀ dáa, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló dáa jù

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: iyán ibẹ̀ dáa, ó dáa gan-an, àmọ́ kì í ṣe torí iyán ni mo ṣe ń kọ èyí. Bùkà kan ni, ó wà lẹ́yìn ọjà Atákúnmọ́sà n'Iléṣà níbí, kò ní síńbọ́ọ̀dù, páànù ni wọ́n fi bo òkè ẹ̀, odó méjì wà níta, tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ ìró odó ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń jókòó ti àwọn èèyàn tí ọ̀rọ̀ wà nínú wọn, àgbà o, oníṣẹ́ ọwọ́ o, awakọ̀ o, a ó jọ máa sọ̀rọ̀ láìsí pé mo kọ ìbéèrè kankan wá látilé, tí wọ́n bá gbà fún mi mo máa ń fi fóònù gbà á sílẹ̀, mo wá máa ń fi ránṣẹ́ sáwọn tó fẹ́ gbọ́ lórí WhatsApp. Torí náà tí mo bá wọ ibi ìjẹun, kì í ṣe ọbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, ìjókòó ni. Mo máa ń wò ó bóyá ẹni méjì tí ò mọra rí lè bára wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìpariwo.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí níbẹ̀ ni pé kò sí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ibi ìjẹun báyìí, wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ ara ògiri, bọ́ọ̀lù láàárọ̀, fíìmù lọ́sàn-án, gbogbo ojú á wà lókè, kí lẹ fẹ́ bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ? Ìyá oníyán ní àwọn ní tẹlifíṣọ̀n nílé, ilé náà ló sì máa wà. Tábìlì gígùn kan ṣoṣo ló wà láàárín, bẹ́ǹṣì ní apá méjèèjì, kò sí pé ẹ fẹ́ dá jókòó, ẹ máa fara ti ẹlòmíì ni.

Wọn kì í sì í gún iyán kalẹ̀ sínú kúlà. Ẹ máa débẹ̀, wọ́n á ní ti èló, iṣu á ti wà lórí iná, ẹ ó wá dúró kí wọ́n gún un, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí èrò bá pọ̀. Àwọn kan máa ń bínú sí èyí, mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ráhùn pé kí ló dé tí wọn ò lè gún un sílẹ̀. Èmi ò rò pé àléébù ni rárá. Àsìkò yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí ebi ń pa gbogbo yín, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i, ẹnì kan á ní iṣu ọdún yìí mà wọ́n o, ẹlòmíì á ní oko àwọn ńkọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ Ìyá gan-an ni iṣẹ́ ọ̀hún wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mọ èèyàn tò. Tí wọ́n bá ti rí yín lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ti mọ ẹni tí wọ́n máa fi yín tì. Wọ́n á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ jókòó ti Bàbá yẹn, aṣọ ni wọ́n tà dé Bídà nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan péré, wọ́n ti padà sídìí ọbẹ̀. Wọn ò ní kí Bàbá sọ ìtàn, wọn ò ní kí ẹ̀yin béèrè, wọ́n kàn fi nǹkan sáàárín yín ni, ẹ̀yin lẹ máa mọ bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e. Mo ti rí àwọn tó ń ṣètò lórí rédíò tí wọ́n máa ń fi ìdajì wákàtí ka oríkì àlejò kí àlejò tó lanu, obìnrin yìí ò lọ iléèwé ẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù wọ́n lọ.

Bàbá tó ta aṣọ dé Bídà yẹn, òṣómàáló ni wọ́n. Fáwọn tí ò mọ̀, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó máa ń gbé aṣọ káàkiri ìlú onílùú nìyẹn, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á máa padà wá gbowó díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá wá lóun ò san, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀, wọn ò ní jókòó, wọn ò ní kúrò, àfi tówó bá jáde. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ẹni tó bá kọ ìbéèrè wá látilé, ìyẹn náà ló máa béèrè, Bàbá á sì dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá gbogbo àwọn tó ti béèrè ṣáájú lóhùn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àǹtí kan jókòó níwájú wa, aṣọ àti bàtà ló ń tà lórí Instagram, ó máa ń jẹ́ káwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ san án díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan tó jẹ ẹ́ lówó ṣẹ̀ṣẹ̀ búlọ́ọ̀kù ẹ̀ ni, ó kàn ń wo fóònù ṣáá. Bàbá ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí o fajú ro báyìí?" Ó ṣàlàyé. Bàbá ò bá a kẹ́dùn o, ìbéèrè ni wọ́n bi í, wọ́n ní ṣó dé ilé ẹni náà kó tó ta ọjà fún un. Ó ní rárá sà, orí fóònù ni. Bàbá wá ní ẹ̀yìnkùlé làwọn máa ń kọ́kọ́ yà sí, àwọn á ṣe bí ẹni fẹ́ tọrọ omi mu, ojú àwọn á sì wà lára igi ìdáná. Ẹni tó bá ti to igi jọ de òjò, onítọ̀hún mọ̀ pé ọ̀la ń bọ̀, ó máa san. Ẹni tó jẹ́ pé igi tó máa fi se tọ̀sán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kiri, bó ti wù kó múra tó, ẹ má ta aṣọ tó wọ́n fún un.

Mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa parí sí, torí gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Àǹtí yẹn ni ò jẹ́ kó parí. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó to igi jọ tí ò wá san ńkọ́ sà?"

Bàbá dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, odó nìkan là ń gbọ́. Wọ́n wá ní abúlé kan wà lọ́nà Òkènè, àwọn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà obìnrin kan níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, obìnrin náà jáde, aṣọ ló gbé wá, ó ṣì wà ní kíká bó ṣe wà lọ́jọ́ tó rà á, wọn ò tíì gé e. Ọmọ ẹ̀ tó fẹ́ rán an fún ti kú. Ó ní kí Bàbá gba aṣọ wọn. Bàbá ò gbà á. Wọ́n dìde, wọ́n bá tiwọn lọ, àpò ara wọn ni wọ́n sì ti san owó ọ̀hún fún ẹ̀gbọ́n wọn tó ni ọjà, ẹ̀gbọ́n ọ̀hún kú láìgbọ́ ọ. Mo tọrọ àyè kí n lè fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn mi, wọ́n ní kò burú, wọ́n ní kí n má ṣáà dárúkọ abúlé náà.

Ẹ wò ó, kò sí bí mo ṣe lè kọ ìbéèrè yẹn sórí ìwé. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ló lè béèrè ẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Chicago l'Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, Studs Terkel, láti 1952 títí di 1997 ló fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí rédíò WFMT, 2008 ló kú, ẹni ọdún 96. Àwọn gbajúmọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ̀ dáadáa, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ó gbé rẹ́kọ́dà lọ bá àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè ọ̀rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin, àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún èèyàn, àwọn tó ń kó pàǹtí. Kò mọ rẹ́kọ́dà ọ̀hún lò dáadáa, òun fúnra ẹ̀ máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn máa ń túra ká tí wọ́n bá rí i tó ń bá ẹ̀rọ jìjàkadì. Ó máa ń sọ̀rọ̀ obìnrin kan níbi tí ìjọba kọ́lé sí fáwọn mẹ̀kúnnù, àwọn ọmọ obìnrin náà ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn màmá àwọn, ló bá tẹ̀ ẹ́ fún wọn, obìnrin náà gbọ́ ohun tóun fúnra ẹ̀ sọ, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní òun ò mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe òun nìyẹn. Ojú tí Bàbá ṣe nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ aṣọ yẹn tán, ìtàn obìnrin yìí ló wá sí mi lọ́kàn.

Larry King náà, tó ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò lórí tẹlifíṣọ̀n CNN láti 1985 sí 2010, máa ń sọ pé òun kì í múra sílẹ̀ púpọ̀, òun kì í ka ìwé àlejò òun tẹ́lẹ̀, kóun lè béèrè ohun tí ẹni tó ń wò nílé máa béèrè. Èmi ò gba gbogbo ẹ̀ wọlé o. Tẹ́ ẹ bá jókòó ti àgbà Iléṣà kan, tó wá dárúkọ Ògèdèngbé, tẹ́ ẹ ò wá mọ̀ pé ogun Kírìjì tó jà láti 1877 sí 1893 ló ń tọ́ka sí, ẹ máa kàn máa wò ni, àgbà á sì yí ọ̀rọ̀ padà torí ó ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń bá òun bọ̀. Kí èèyàn mọ nǹkan kó tó lọ, kó wá fi í sápò.

Ìwé ìbéèrè ni kó má gbé dání. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó tẹ̀ jáde, Màmá Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, Màmá ń sọ nípa òru kan tí iná lọ tó jẹ́ pé iná mọ́tò làwọn fi gbẹ̀bí aláboyún, ọmọkùnrin yìí ní, "Ẹ ṣé mà, ìbéèrè tó kàn ni pé..." Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun mọ́. Ìyá oníyán ló ké látìdí ọbẹ̀, "Ọmọ náà ńkọ́?" Màmá Nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà wà, obìnrin ni, nígbà tó dàgbà tó fẹ́ bí tiẹ̀, ọwọ́ àwọn náà ló bí i sí. Gbogbo bẹ́ǹṣì ló hó.

Ó yá, oúnjẹ. Iyán ò ní kókó, ó máa ń fà, wọn kì í sì í fi omi bà á jẹ́ kó lè pọ̀. Ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí ni kẹ́ ẹ mú, ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ wọn máa ń ṣàn jù. Ìgbín máa ń wà tí ìgbà òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. ₦3,000 ni mo máa ń san fún iyán àti ẹran ìgbẹ́, ó sì máa ń yó mi. Èéfín máa ń wọlé tí atẹ́gùn bá yí padà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ò dáa, ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù yẹn ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ má wulẹ̀ gbé rẹ́kọ́dà jáde. Ẹ mú káàṣì dání, tiránsífà máa ń dúró lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ lẹ fẹ́, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún wọn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló jẹ ọ̀kan tó kù.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Sátidé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ bá lọ, àwọn tó ń ti òde ìnáwó bọ̀ á ti kún ibẹ̀, ariwo á pọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú dáa, kẹ́ ẹ débẹ̀ kí aago kan tó lù, torí tó bá fi máa di aago mẹ́ta iṣu á ti tán. Ẹ kí Ìyá dáadáa, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín wá ibi jókòó sí, ẹ má lọ dá wá a fúnra yín. Bàbá òṣómàáló kì í wá lójoojúmọ́ mọ́, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bá wọn níbẹ̀, ẹran ìgbẹ́ ni kẹ́ ẹ rà fún wọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n má fi ata púpọ̀ sí i.