Champagne, Cava tàbí Prosecco: èwo ni kí ẹ rà?

Bí ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tò sórí pẹpẹ, ojú lásán ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Wáìnì tó ń hó ni gbogbo wọn, wáyà ni wọ́n sì fi de ìdérí gbogbo wọn. Owó wọn ni kò dọ́gba rárá, ẹni tó bá sì ń ra èyí tó wọ́n jù nígbà gbogbo lè máa ra ohun tí ahọ́n rẹ̀ ò fẹ́. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ibi tí ọtí náà ti gba ìhó rẹ̀.

Inú ìgò gan-an ni ti Champagne àti Cava ti ń wá. Wọ́n á rọ wáìnì sínú ìgò, wọ́n á fi ṣúgà àti ìwúkàrà díẹ̀ sí i, wọ́n á sì dé e pa. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà náà. Gáàsì tó tibẹ̀ jáde ò ríbi gbà, á wọnú ọtí lọ. Nígbà tó bá yá, ìwúkàrà á kú, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí ọtí ṣe ń pẹ́ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ló ń ní òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ààrò jáde. Wọ́n á yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà kúrò kí ìgò tó dọ́jà.

Àkókò yìí lẹ ń sanwó fún. Champagne tí wọn ò kọ ọdún ìkórè sí lára gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán oṣù 15 nínú ìgò. Èyí tí wọ́n kọ ọdún sí, ọdún 3. Ẹ tún ń sanwó fún orúkọ, torí agbègbè Champagne nìkan, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Faransé, ló lè jẹ́ ẹ.

Cava, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wá láti Catalonia ní Sípéènì, ń lo oṣù 9 ó kéré tán. Àmọ́ ẹ wo ara ìgò dáadáa: Reserva ti lo oṣù 18, Gran Reserva oṣù 30. Ní tèmi, Cava Reserva ni owó ẹni ti ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Èso àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é (Macabeo, Xarel·lo, Parellada) yàtọ̀ sí ti Champagne, nítorí náà ẹ má retí kí adùn wọn jọra délẹ̀délẹ̀.

Táǹkì ńlá tí wọ́n dé pa ni Prosecco ti Ítálì ti ń gba ìhó tirẹ̀. Kì í pẹ́ níbẹ̀, torí òórùn èso ápù, péà àti òdòdó tó wà lára àjàrà Glera ni wọn ò fẹ́ kó sọnù. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ pamọ́ di ọdún mìíràn. Ẹ tètè mu ún.

Ibi tí àwọn olùrà ti ń ṣìnà jù ni ọ̀rọ̀ ṣúgà. Ọ̀rọ̀ bíi Brut àti Extra Dry tí wọ́n kọ sára ìgò ló ń sọ bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Lóòótọ́, “dry” túmọ̀ sí pé kò dùn, àmọ́ Extra Dry dùn ju Brut lọ! Ṣúgà inú Brut kò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. Extra Dry wà láàárín 12 sí 17. Èyí tí wọ́n kọ Dry lásán sí lára tún lè dé 32, Demi-Sec sì lè dé 50. Prosecco tó jẹ́ Extra Dry pọ̀ lọ́jà gan-an, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé gbogbo Prosecco ló dùn. Ẹ wá Brut rẹ̀ tọ́ wò kẹ́ ẹ tó pinnu. Brut Nature, tí kò tó 3, kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ o, ó máa ń kan.

Ẹ mu ún ní tútù, bíi 6 sí 10°C. Gíláàsì tóóró gígùn dára fún Prosecco, ṣùgbọ́n ó ń há òórùn Champagne mọ́. Gíláàsì wáìnì funfun sàn fún un. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ da omi ọsàn lé e, Prosecco Brut ni kẹ́ ẹ rà. Kí ni oṣù 15 Champagne fẹ́ ṣe lábẹ́ omi ọsàn?