Ọta mẹ́rin, ìbọn kan: ohun tí ọdún mẹ́ta fi hàn mí

Ìbọn .308 Winchester ni mo ń lò. Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó íǹṣì 22, ìlà tó lọ́ sínú rẹ̀ sì ń yí po lẹ́ẹ̀kan nínú íǹṣì 12. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé 12 yẹn, òun ló dá ẹjọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi irú ọta mẹ́rin dán ìbọn yìí wò: ọta olójé tí kò wọ́n, èyí tí wọ́n lẹ òjé inú rẹ̀ pinpin mọ́ ẹ̀wù bàbà, èyí tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀, àti ọta ìdíje, èyí tí wọ́n ṣe fún ìdíje ìbọn yíyìn. Mo ti fi mẹ́ta pa ẹran. Ìkẹrin, páálí tí mo fi ń dánra wò nìkan ló rí i.

Ọta tí mo ń wí ni irin ṣóńṣó tó ń fò jáde lẹ́nu ìbọn. Ọ̀pọ̀ wa máa ń pe gbogbo kàtíríìjì ní ọta, àti ìkarahun àti ẹ̀tù. Ibẹ̀ ni owó mi àkọ́kọ́ ti ṣòfò: páálí méjì jọra, iye kan náà ni wọ́n kọ sára wọn, àmọ́ ohun tó wà lórí ìkarahun yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru.

Ọta olójé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ wọn gíréènì 150 (gíréènì 7,000 ló pé pọ́ùn kan). Òjé ni inú rẹ̀, ẹ̀wù bàbà tín-ínrín ló bò ó, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kó lè fẹ̀ bí olú nígbà tó bá wọ ara ẹran. Ìgalà tí mo kọ́kọ́ fi pa kò jìnnà sí mi ju ogójì yáàdì lọ. Mo yìn ín ní èjìká, ibẹ̀ ló ṣubú sí. Inú mi dùn títí mo fi bó awọ rẹ̀. Èjìká náà ti di ẹ̀jẹ̀ dídì látòkè délẹ̀, mo sì ń rí èérún òjé níbi tó jìnnà sí ojú ọgbẹ́ tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹran tí mo gé dànù lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ rántí rẹ̀.

Kí n má bà á lórúkọ jẹ́ lásán: èkejì tí mo fi ọta kan náà pa wà ní nǹkan bí 180 yáàdì, ọta gba àárín egungun ìhà kọjá, ẹran náà kò rìn ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. Ìyára ló fa ìyàtọ̀. Nítòsí, ọta ṣì ń sáré kíkankíkan, ó sì tún lọ kọlu eegun. Ẹ̀wù tín-ínrín yẹn kò lè gbà á. Níbi tó jìnnà díẹ̀, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìhà lòun máa ń yìn, tí kì í yìn ní èjìká, kò nílò láti na owó ju ti ọta yìí lọ. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìṣòro kí ọta má fọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1946, ọdẹ kan tó ń jẹ́ John Nosler yìnbọn fún moose ní Kánádà, ẹran ńlá tí ẹrẹ̀ gbígbẹ bo ara rẹ̀, ọta rẹ̀ fọ́ kó tó wọlé dáadáa. Ó padà sílé lọ ṣe ọta oníyàrá méjì: ògiri bàbà wà láàárín, òjé iwájú lè fọ́, ti ẹ̀yìn á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Partition ló pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1948. Wọ́n ṣì ń ṣe é dòní.

Èyí tí wọ́n lẹ òjé rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù ń gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Gíréènì 165 ni mo lò. Mo fi í yìn ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan ní èjìká, ó fọ́ eegun ti ọ̀tún, ó gba àyà kọjá, ó sì dúró sábẹ́ awọ apá òsì. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n ẹ̀tù: gíréènì 131 ló kù. Ó ti fẹ̀ rẹgẹdẹ, kò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Iye tí wọ́n ń tà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti olójé, àmọ́ èjìká ẹlẹ́dẹ̀ náà, a jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bàbà lódindi ńkọ́? Ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀ ni èérún òjé inú ẹran àkọ́kọ́ yẹn, nítorí àwọn ọmọdé wà nílé. Ní California, láti July 1, 2019, ọta tó ní òjé kò sí nínú ohun tí òfin gbà láti fi dẹ ẹranko mọ́. Bàbà kì í fọ́ bí òjé: orí rẹ̀ á ya sí ewé mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dín. Ọgbọ́n tí n kò kọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ọta bàbà gíréènì 180 gùn ju ti òjé gíréènì 180 lọ. Ọta tó gùn sì nílò kó máa yí kíákíá bí òkòtó kó má baà gbọ̀n lójú ọ̀nà. Íǹṣì 12 tèmi kò yí i tó. Ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, ọta márùn-ún fọ́n ká bí ẹni da àgbàdo fún adìyẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì mẹ́rin. Mo ti ń bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é kí n tó mọ̀ pé ìbọn mi ni.

Mo bọ́ sílẹ̀ sí bàbà gíréènì 150, gbogbo rẹ̀ sì tò. Bàbà kò pàdánù ìwọ̀n, nítorí náà ìbọ́sílẹ̀ yẹn kò dùn mí rárá. Àléébù rẹ̀ hàn sí mi ní 280 yáàdì: mo gba ìhà ìgalà kan, n kò kan eegun ńlá, ihò tó jáde kéré, ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ kò tó nǹkan, mo sì tọ ipa rẹ̀ fún nǹkan bí 150 ìṣísẹ̀ kí n tó bá a. Púpọ̀ nínú ọta bàbà ń fẹ́ kí ìyára wọn ṣì wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí wọ́n tó ṣí dáadáa. Tèmi ṣì yára ju ìyẹn lọ, àmọ́ kò fẹ̀ bó ṣe ń fẹ̀ nítòsí. Pẹ̀lú bàbà, èjìká ni mo máa ń yìn báyìí.

Ọta ìdíje ni ìkẹrin. Òun ló to ara rẹ̀ jù lórí páálí, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé e lọ sígbó. Ihò kékeré tó wà lórí rẹ̀ máa ń tan ènìyàn, bí ẹni pé kó lè fẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Rárá o. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wù rẹ̀, iwájú ni wọ́n ti ń pa á dé, ihò yẹn ló ṣẹ́kù. Ó lè gba ara ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́, ó sì lè fọ́ yángá. Ẹ ò lè mọ èyí tí yóò ṣe. Sierra, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọta ìdíje tí wọ́n ń pè ní MatchKing, kì í dámọ̀ràn rẹ̀ fún ọdẹ. Àwọn tó ṣe é ti sọ tiwọn, kí lèmi ó tún máa jiyàn sí?

Ní ti kí ọta máa ba ojú ibi kan, mo ti tan ara mi jẹ́ púpọ̀. Ọta mẹ́ta á wọ inú íǹṣì kan, n ó ya fọ́tò, n ó fi yangàn. Ọjọ́ tí mo fi sùúrù yìn mẹ́wàá ni àṣírí tú: íǹṣì 1.8. Ọta olójé tí mo ń fojú tín-ínrín wò tẹ́lẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1.6. Ibi tí ẹ̀mí wà nínú àyà ìgalà fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́jọ. Ọta tó fọ́n ká íǹṣì 1.6 ní ọgọ́rùn-ún yáàdì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì márùn-ún ní ọ̀ọ́dúnrún. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n ju ìyẹn lọ bí mo bá sáré gun òkè tán. Nítorí náà mi ò sanwó kún owó mọ́ nítorí ìdajì íǹṣì.

Owó kò sì wà níbi tí mo rò. Láàárín ọdún kan, ọta tí mo fi ń pa ẹran kì í pé mẹ́wàá. Páálí ló ń jẹ ìyókù. Olójé ni mo fi ń kọ́wọ́, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù ni mo fi ń dẹ. Àmọ́ wọn kì í balẹ̀ sójú kan náà: nínú ìbọn mi, olójé ń balẹ̀ ní íǹṣì méjì sísàlẹ̀ àti díẹ̀ sí òsì. Kí àkókò ọdẹ tó wọlé, mo máa ń fi ọta gidi tún awò ojú ìbọn tò. Páálí tí nọ́ńbà ìṣelọ́pọ̀ wọn bára mu ni mo ń rà pọ̀, torí ìgbà kan tí mo dà wọ́n pọ̀, ojú ibi tí wọ́n ń bà yí padà.

Ọta bàbà gíréènì 180 tó kù nínú páálí, mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi tí ìlà ìbọn tirẹ̀ ń yí po lẹ́ẹ̀kan nínú íǹṣì 10. Ó yìn márùn-ún, ó fi àtàǹpàkò bo gbogbo ihò wọn mọ́lẹ̀, ó ń wò mí. Kò tíì dá páálí náà padà.